Ta ló ní àfi kí wọ́n wó Ìsàlẹ̀ Èkó kanlẹ̀ kó tó lè dára?

Bí ọkọ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Carter sí Ìdúmọ̀tà, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu èrò ọkọ̀: "Ibí yìí ò lè dára láéláé, àfi kí ìjọba wó gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀, kí wọ́n tún un kọ́." Ọlọ́jà ń sọ ọ́, ọ̀mọ̀wé ń sọ ọ́, àwọn ọmọ Èkó gan-an tí wọ́n bí sí ibẹ̀ ń sọ ọ́. Mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Gọ́tà ń rùn, ògiri ti sán, ọ̀nà ò gba ẹsẹ̀ méjì. Síbẹ̀, irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. A kò sì nílò láti máa méfò lórí rẹ̀, torí wọ́n ti dán an wò rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó yìí kan náà.

Ọdún 1955 ni. Òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, Èkó sì ni olú-ìlú. Àwọn aláṣẹ wo àárín ìlú, ojú tì wọ́n pé ibẹ̀ ni àlejò òkèèrè yóò wá wò. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní LEDB (Lagos Executive Development Board), tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: kí ó gba ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 70 ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ó wó ilé orí rẹ̀, kí ó la ọ̀nà tó gbòòrò, kí àwọn onílẹ̀ sì láǹfààní láti ra ilẹ̀ padà, kí wọ́n kọ́ ilé tó bóde mu sí i. Àwọn tí wọ́n ń kó kúrò, wọ́n kọ́ ilé dè wọ́n ní Sùúrùlérè.

Mi ò ní sọ pé èrò ibi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé Sùúrùlérè ní omi, ó ní àyè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1950, onímọ̀ àwùjọ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ sọ̀rọ̀, ó sì bá àwọn tó kù ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó tẹ ohun tó rí jáde ní 1961. Àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn kò rí oníbàárà mọ́, torí Sùúrùlérè ìgbà náà kì í ṣe ojú ọjà. Oníṣẹ́ ọwọ́ fi àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un sẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń sanwó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń gbé ilé ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́ wá di ayálégbé tí oṣù ń lé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó máa ń rí ara wọn láràárọ̀ wá ń rí ara wọn nígbà tí owó ọkọ̀ bá wà. Ilé dára, ọ̀nà oúnjẹ dí.

Ilẹ̀ tí wọ́n sì wó ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ padà gbọ́dọ̀ kọ́ ilé tó bá ìlànà tuntun mu, ọ̀pọ̀ ìdílé ò sì lówó irú ilé bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kò parí iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Apá kan wó, apá kan kù, èrò tún há mọ́ apá tó kù. Ìsàlẹ̀ Èkó tí à ń bú lónìí, ara ohun tí wíwó ilé bí ni.

Ohun tí àwọn tó ń pariwo "ẹ wó o" kì í rí ni ohun tí ilé kan ṣoṣo ń ṣe níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pópó Àgùdà. Lápá òsì ìsàlẹ̀, télọ̀ kan ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Lápá ọ̀tún, ìyá kan ń to ata rodo sórí àtẹ ní márùn-ún márùn-ún. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan ń ṣa ẹ̀wà tí yóò fi dín àkàrà. Lókè, bàbá àgbàlagbà kan fi ìgbọ̀nwọ́ ti fèrèsé, ó ń wo títì. Ọmọdékùnrin kan sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ohùn bàbá náà sì dún látòkè: "Ìwọ! Padà sẹ́yìn!" Ọmọ náà padà. Ìyá tó ń to ata ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó mọ̀ pé ẹnì kan ń wò ó.

Ẹ ka iye èèyàn tó ń jẹun nínú ilé yẹn láìwọ ọkọ̀ kankan. Ẹ ka iye owó epo tí kò jó. Àwọn tó ń ya àwòrán ìlú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ara wọn báyìí pé kí ibùgbé, ọjà àti ibi iṣẹ́ wà pọ̀, kí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débi tó ń lọ. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn látilẹ̀wá, òun la sì ń pè ní jágajàga.

Ẹ fi wé Marina àti Broad Street ní ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀. Ọ́fíìsì àti báǹkì ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ẹni tó ń sùn níbẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Abùjá ní oṣù kejìlá ọdún 1991, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn lọ sí Victoria Island àti Ìkòyí, ọ̀pọ̀ ilé gogoro di òfìfo. Ibi tí wọ́n fi ṣe nǹkan kan ṣoṣo, bí nǹkan náà bá lọ, kí ló kù? Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, títì á dá wáí, ẹ̀rù á sì máa bani láti gba ibẹ̀ kọjá.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò fi dá mi lóhùn: ilé Ìta Fájì. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí iléèwé wà nínú rẹ̀ lókè wó lulẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n iléèwé kọ́ ló wó ilé náà. Ilé tó ti rẹ̀ ni, tí wọ́n ti sàmì sí pé kí wọ́n wó, tí ẹnikẹ́ni kò wó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, kí ó kúrò kíákíá, kí wọ́n sì wá ibi tí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ yóò sùn. Ilé kan tó ti rẹ̀ kò wá sọ gbogbo àdúgbò di òkú. Kí ẹnjiníà máa yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òpó lẹ́yìn òpó. Iṣẹ́ náà kò yá bíi ti katapílà, òun ló sì tọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú wa kò tó. Ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Balógun àti Ìdúmọ̀tà, àwọn tó ń gbé òkè ti kó jáde, ọjà ló kún yàrá wọn báyìí. Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ fún ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù wá ń ru ìdì aṣọ láti ilẹ̀ dé òrùlé. Bí iná bá bẹ́ sílẹ̀ lóru, kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀ tí yóò ké. A rí bí iná ṣe jó ní Balógun ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Èyí kì í ṣe ewu ká máa gbé ká tún máa tajà nínú ilé kan. Ewu ibi tí ọjà ti lé olùgbé jáde ni, ọjọ́ tí olùgbé bá sì padà ni yóò dín kù.

Àwọn ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ fún wa, ògiri wọn nípọn, fèrèsé wọn ga, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́ láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú èéfín kábónì (CO2) tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́, tó ń mú ayé gbóná, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ló ń ti ara sìmẹ́ǹtì wá. Gbogbo ilé tó ṣì lágbára tí a wó, a tún sìmẹ́ǹtì mìíràn jó lórí ohun tí a ti ní tẹ́lẹ̀. Ilojo Bar ní Tinúubú, tí wọ́n kọ́ ní 1855 fún ilé oúnjẹ àti ọtí, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà dé, ó parí. Ẹ jẹ́ ká tún wo ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, yàwòrán rẹ̀ padà láìpa ìtàn ibẹ̀ rẹ́, ó di Freedom Park ní 2010. Àwọn èèyàn ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń ṣeré orí ìtàgé, igi sì ń bò wọ́n. Ibi tí ẹ̀wọ̀n ti lè di ibi fàájì, kí ni a fẹ́ sọ pé ilé ìyá wa kò lè dà?

Bí mo bá ní àṣẹ, abẹ́ ilẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dojú kọ: gọ́tà, páìpù omi, ilé ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn ilẹ̀ tó ṣófo àti ilé gogoro tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn ní Marina ni kí wọ́n tún ṣe, kí ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, kí òkè jẹ́ ibùgbé. Ibẹ̀ ni kí àwọn tí ilé wọn ti rẹ̀ kó lọ, tí wọn kò ní kúrò nítòsí oníbàárà wọn. Nígbà tí wọ́n bá kó tán ni kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé àtijọ́. Rélùwéè Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nítorí náà ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò nílò mọ́tò.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ ogún. Ilé ẹbí tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ni, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé? Báńkì kankan kò ní yá wọn lówó àtúnṣe, ẹ̀gbọ́n ń dúró de àbúrò tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òjò sì ń wọnú òrùlé. Ohun tó ń wó ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn ju ọjọ́ orí wọn lọ. Kí ìjọba bá àwọn ẹbí jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ni ín sílẹ̀, kí ìpín kálukú ṣe kedere, kí ẹ̀tọ́ láti padà wọlé sì wà nínú ìwé náà, fún onílé àti fún ayálégbé. Kí wọ́n buwọ́ lù ú kí ẹnikẹ́ni tó gbé katapílà jáde.