Kì í ṣe gbogbo hard drive SATA la lè yọ láì pa kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri pé hard drive inú kọ̀ǹpútà ṣeé fà yọ láì pa á, níwọ̀n bó bá ti jẹ́ SATA (irú ẹnu kan tí wọ́n fi ń so hard drive mọ́ kọ̀ǹpútà), kò pé.

Lóòótọ́, ẹnu SATA gba bẹ́ẹ̀: àwọn irin kan níbẹ̀ gùn ju ìyókù, kí iná má baà já wọlé lójijì. Àmọ́ ẹnu yàtọ̀ sí ètò. Ojúhò rẹ̀ lórí motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí àwọn ẹ̀yà yòókù so mọ́) gbọ́dọ̀ wà lórí AHCI (ètò ìṣiṣẹ́ SATA tó gba irú yíyọ bẹ́ẹ̀), kì í ṣe IDE (ètò àtijọ́). Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó tún tan Hot Plug (àṣàyàn tó ń jẹ́ ká lè yọ ọ́ láì pa kọ̀ǹpútà) fún un. Ẹ wò ó nínú BIOS (ojú ètò kọ̀ǹpútà tá a ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀).

Kẹ́ ẹ tó fà á, ẹ kọ́kọ́ lo Safely Remove Hardware (àṣẹ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ fẹ́ yọ ọ́) lórí Windows. Fáìlì tí kò tíì kọ tán lè bàjẹ́. Èyí tí Windows wà lórí rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti M.2 (irú pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń kì bọ motherboard tààrà), ẹ pa kọ̀ǹpútà ná.