Lánlọ́ọ̀dù Wá Tọrọ Ajá

Ṣómólú, ẹ̀yìnkùlé. Títí ń fọ ajá. Ajá tí wọ́n lé sígboro ló máa ń gbà sílé, á tọ́jú wọn títí ẹni tó máa gbà wọ́n pátápátá á fi yọjú. Lánlọ́ọ̀dù wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Títí! Ajá yẹn. Mo fẹ́ ẹ.

TÍTÍ: Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé Bíńgò?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ohun yòówù kó máa jẹ́. Olè ti pọ̀ ládùúgbò. Mú un wá kí n so ó mọ́ géètì.

TÍTÍ: Kò burú, sà. Ẹ jókòó. (Ó fa fọ́ọ̀mù yọ.) Ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Orúkọ kí ni? Ṣebí inú ilé mi ni ajá náà wà!

TÍTÍ: Inú rúùmù tí mo sanwó rẹ̀ ló wà, sà. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: O ò mọ iṣẹ́ mi ni?

TÍTÍ: Nígbà tí mo wá gbalé, ẹ bi mí ní iṣẹ́ mi, iṣẹ́ bàbá mi, ìlú mi, ṣọ́ọ̀ṣì mi. Ẹ ní kí n mú ọkọ wá kí ẹ rí i. Èmi ò tíì ní kí ẹ mú ìyàwó wá o.

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀ (lójú fèrèsé): Ní kó mú wọn wá! Méjì ni wọ́n!

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Màmá Bọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn ọ́.

TÍTÍ: Onídùúró méjì, sà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, lẹ́fẹ̀ẹ́lì 12 sókè.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Nítorí ajá!

TÍTÍ: Nítorí rúùmù kan tí kò ní kíṣìnnì lẹ ṣe gba tèmi. Omi ńkọ́? Ajá gbọ́dọ̀ rí omi tó mọ́ mu tọ̀sán tòru.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Omi wà.

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀: Níbo?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Pọ́ńpù ló bàjẹ́. Kò tíì pẹ́ tó bàjẹ́. A máa tún un ṣe. (Gbogbo lánlọ́ọ̀dù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àfi bíi pé ilé ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ.)

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀: Bọ̀sẹ̀ wà ní pírámárì nígbà tó bàjẹ́. Bọ̀sẹ̀ ti di àgùnbánirọ̀ báyìí.

TÍTÍ (ó ń kọ ọ́ sílẹ̀): Omi… kò… sí. Níbo ló máa sùn?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Abẹ́ àtẹ̀gùn.

TÍTÍ: Òjò ń jò síbẹ̀, sà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Bí òjò bá ń jò sí i lára, kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!

TÍTÍ: Ohun tí ẹ sọ fún mi náà nìyẹn lóṣù kẹfà. Kí ló máa jẹ?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Kí ni ajá ń jẹ? Àjẹkù. Egungun adìẹ.

TÍTÍ: Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún un nífun. Ọbẹ̀ alálùbọ́sà náà ò dára fún un, májèlé ni àlùbọ́sà lára ajá. Ẹ máa se ìrẹsì fún un, ẹ ó fi ẹja àti ẹyin sí i.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹyin! Èmi alára, ìgbà wo ni mo jẹ ẹyin kẹ́yìn?

TÍTÍ: Ó ti lo oògùn aràn. Ó ti gba abẹ́rẹ́ digbòlugi, ẹ máa rántí gba òmíràn fún un lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ (ó pa itan pọ̀): Wọ́n ṣe kí ni fún un?

TÍTÍ: Kó má baà máa bímọ kiri àdúgbò, sà. Àwọn tí a ń ṣà lójú títì ti pọ̀ jù.

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀: Dókítà yẹn, ṣé ajá nìkan ló ń ṣe é fún?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Màmá Bọ̀sẹ̀! (Sí Títí.) Bí n ò bá wá fẹ́ ẹ mọ́, mo lè lé e jáde?

TÍTÍ: Rárá o. Ọ̀dọ̀ mi lẹ máa dá a padà sí. Ẹ ò gbọdọ̀ lé e sójú títì.

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀: Ẹ gbọ́, ajá yìí lẹ́tọ̀ọ́ jù mí lọ.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ó tó! Èló ni?

TÍTÍ: A kì í ta ajá, sà. Owó abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, owó àgírímẹ́ǹtì. Owó kọ́míṣọ̀n. Owó kọ́ṣọ̀n, bó bá lọ jẹ bàtà èèyàn. Àti owó kí n wá wo ilé yín.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Kí n sanwó kí o tó wo ilé tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé!

TÍTÍ: Èmi náà sanwó kí n tó wò ó. Bí ilé ò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, owó yẹn ò padà mọ́. Ó wá ku owó oúnjẹ ajá. Ẹ máa san ti ọdún méjì sílẹ̀.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Ọdún méjì kẹ̀? Irọ́ lo pa! Òfin Èkó ò gbà fún un! Ọdún kan ṣoṣo lèèyàn lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé!

(Gbogbo ilé dákẹ́. Àní jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kú.)

TÍTÍ: Òfin wo nìyẹn, sà?

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: …Òfin ayálégbé, ti ọdún 2011.

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀: Yéèèè! Ó mọ̀ ọ́n! Ẹ jáde o! Bàbá Ṣẹ̀gun, ẹ jáde! Láti ọjọ́ yìí ló ti mọ̀ ọ́n!

TÍTÍ: Ọdún méjì lẹ gbà lọ́wọ́ mi, sà.

LÁNLỌ́Ọ̀DÙ: Rédíò ni mo ti gbọ́ ọ! Mi ò gbọ́ ọ tán! Kó ẹrù rẹ! Ìwọ, ajá rẹ, fọ́ọ̀mù rẹ, ẹ jáde nílé mi lónìí!

TÍTÍ: Oṣù mẹ́fà ni nótíìsì mi, sà. Inú òfin kan náà ni. Àbí rédíò ò dé ibẹ̀?

(Lánlọ́ọ̀dù fìbínú bọ́ síta. Bíńgò tilẹ̀ fi ìrù dágbére fún un, ẹni yẹn ò wojú rẹ̀.)

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀: Títí.

TÍTÍ: Mà.

MÀMÁ BỌ̀SẸ̀: Ẹni tó bá máa gba Bíńgò yẹn, tó ní omi, tí ilé rẹ̀ ò jò, tó ń se ẹyin… bá mi kọ orúkọ tèmi náà sí fọ́ọ̀mù. Mo lè fi àlùbọ́sà sílẹ̀.