Ọ̀gá Àárín Gbùngbùn

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n wa tó ń jókòó nídìí oníwèé ìròyìn l'Épẹ̀ẹ́ kú ọgbọ́n o! Ìwé ìròyìn méjì ló ń rà: ọ̀kan tó ń yin ìjọba, ọ̀kan tó ń bú u. Rédíò kékeré méjì ló gbé dání, ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì. "Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Àárín ni òtítọ́ wà."

Lọ́jọ́ Sátidé, bátìrì tòsì kú. Ẹ̀gbọ́n yáa pa tọ̀tún náà, kí ìròyìn má baà wọ́ sápá kan! Ó gbé rédíò méjèèjì tó dákẹ́ sétí, ó ń mi orí. Mo ní kí ni wọ́n ń sọ? Ó ní apá méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan.

Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìgbà tí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó ayé àtijọ́, sá kúrò l'Ékòó. Bàbá kan ní ìparí 1851 ni, nígbà táwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí ìlú. Ọmọ ọlọ́kadà kan ní 1951 ni. Ẹ̀gbọ́n ro ó, ó pín in sí méjì: 1901! Kòsọ́kọ́ tó kú ní 1872 wá dìde lẹ́yìn ọdún 29 nínú sàréè, ó wọkọ̀ ojú omi wá sí Epe. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un!

Èmi mọ ohun tí àárín fojú mi rí. Aládùúgbò mi mọ ọgbà wọ ilẹ̀ mi ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ mi o. Àwọn onílàjà ní ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, kó mú 5, kí n mú 5. 5 nínú ilẹ̀ ta ni? Nígbà tó di ọdún kejì, ọkùnrin náà tún já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀.

Wọ́n á ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo gbà. Dídá ni wọ́n ní ká dá ẹjọ́ náà, wọn ò ní ká pín in bí ẹran iléyá! Rédíò kan ṣoṣo ni bàbá mi ní, àǹtẹ́nà rẹ̀ ti ṣẹ́. Bó bá gbọ́ pé ẹja pọ̀, kì í wá rédíò kejì. Á wọ bàtà, ó di Ọjà Olúwo, á fọwọ́ tẹ ẹja wò. Ẹ̀yin aláàárín yìí, ọ̀lẹ ni yín! Ẹ ò fẹ́ wọ bàtà, ẹ ò sì fẹ́ kí òpùrọ́ bínú sí yín.

Àánú ẹ̀gbọ́n ṣe mí láàárọ̀ yìí, mo ra bátìrì méjì fún un. Méjì méjì ni rédíò kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ó dúpẹ́ gidigidi, ó ti ẹyọ kan bọ tọ̀tún, ó ti ẹyọ kan bọ tòsì.