Ẹ̀kọ́ Yíyínmú sí Ráàpù

Kò sí ohun tó rọrùn tó kí èèyàn di ọ̀mọ̀ràn nípa orin lóde òní. Kò ní kọ́ dùùrù, kò ní ka nóòtì, kò tilẹ̀ ní ra àwo kan. Gbólóhùn kan péré ló máa há sórí: “Ráàpù kì í kúkú ṣe orin.” Bó bá ti sọ ọ́ tán, tó sì dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, gbogbo ìjókòó á mọ̀ pé àgbà ti dé. Àṣà náà ti gbilẹ̀ débi pé ẹni tí kò bá yínmú sí ráàpù láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ńṣe ni wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gbogbo ayé bá ti ń ṣe, ayédèrú á pọ̀ níbẹ̀. Yínmú tí à ń rí báyìí kò kúnjú ìwọ̀n mọ́. Wọ́n ń kánjú ṣe é, wọ́n ń ṣe é lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìtìjú ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun èlò kò pọ̀: imú kan, awò ojú tó ṣeé tì sókè, ife kan tí a ó máa wo inú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu, àti bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tí kì í dún nílẹ̀. Ìdí bàtà yẹn á yé yín tó bá yá.

Ẹ̀sùn tí gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yínmú fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé wọn ò kọrin, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún, kí ẹ wo òsì. Bí olólùfẹ́ opera, eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, bá wà níjòókòó, ó lè bi yín pé kí ni recitative, níbi tí olórin ti ń ro ẹjọ́ lórí kọ́ọ̀dù (àpapọ̀ nóòtì tó ń dún pọ̀) méjì mẹ́ta títí tí orin gan-an á fi bẹ̀rẹ̀. Ó tún lè dárúkọ Arnold Schoenberg, ará Austria, tó gbé Pierrot Lunaire jáde lọ́dún 1912: ewì 21, ohùn kan tí kò kọrin tí kò sì sọ̀rọ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀. Schoenberg fi àmì àgbélébùú sí ọrùn àwọn nóòtì náà kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì kọ wọ́n lórin. Bí ọwọ́ bá bà yín báyìí, ẹ má jiyàn. Ẹ ní, “Ah, Sprechstimme nìyẹn,” ìyẹn ohùn tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti orin, kí ẹ sì jẹ́ kí itọ́ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Òfin ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá fi èdè Jámánì sọ sórí orin, iṣẹ́ ọnà ni. Èyí tí wọ́n bá sọ ní Bronx, àdúgbò ráàpù ní New York, ariwo ni.

Èkejì, pé ojú kan náà ni ìlù wọn ń yípo. Èyí léwu. Nínú Boléro tí Maurice Ravel kọ lọ́dún 1928, onílù snare, ìlù kékeré tí ń ta, lu ohun kan ṣoṣo, tí kò gùn ju bar (ìpín ìlù) méjì lọ, ní ìgbà 169. Nínú Canon ti Pachelbel, nóòtì mẹ́jọ ni ẹni tó ń fa cello ní, ìgbà 28 ló sì fà wọ́n. Ẹ pe ìyẹn ní sùúrù. Bí díjéè bá ṣe é, ẹ pè é ní ọ̀lẹ. Ó tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ràá ni ẹ̀sùn olè. Wọ́n gbé orin olórin, wọ́n gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pariwo lé e lórí. Ilé ẹjọ́ pàápàá ti dá sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, nígbà tí wọ́n dájọ́ Biz Markie oníráàpù ní New York nítorí apá kan orin Gilbert O'Sullivan tó lò láìgbàṣẹ, gbólóhùn tí Adájọ́ Kevin Duffy fi ṣí ìdájọ́ rẹ̀ ni “Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè.” Ta ló tún lè yínmú ju adájọ́ tó fi Òfin Mẹ́wàá yínmú? Àmọ́ kí ẹ tó mẹ́nu bà á, ẹ rí i dájú pé kò sí nínú ìjókòó ẹni tó mọ̀ pé Bach, ọ̀gá olórin ayé àtijọ́, gbé concerto tí Vivaldi ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ fún violin mẹ́rin, ó sì sọ ọ́ di ti harpsichord (dùùrù àtijọ́) mẹ́rin. Wọ́n ní àtúntò nìyẹn. Àtúntò yàtọ̀ sí olè, torí ẹni tó ń ṣe àtúntò máa ń dé irun funfun àtọwọ́dá.

Kí ẹ má sì wádìí bí wọ́n ṣe ń jí i. Ìwádìí ti ba ọ̀pọ̀ imú rere jẹ́. Ẹni tó bá wádìí á bá ara rẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ọdún 1973, nínú ilé alájà tó wà ní 1520 Sedgwick Avenue ní Bronx, níbi tí Clive Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí DJ Kool Herc, ti ń lo àwo níbi ijó tí Cindy arábìnrin rẹ̀ pè. Herc ti kíyè sí i pé ibi tí ohun èlò yòókù bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ni àwọn oníjó ń dúró dè. Ibẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ó wá ń lo àwo kan náà ní méjì: bí ibẹ̀ bá ti fẹ́ tán lórí èyí, á ti gbé abẹ́rẹ́ lé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí èkejì. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ojú lásán ló fi ń wá ibi tí abẹ́rẹ́ máa balẹ̀ sí, ìlù á sì kọsẹ̀. Díjéè mìíràn, Grandmaster Flash, ló fi kíréyọ̀n sàmì sára àwo, tó ń ka bí àmì náà ṣe yípo, tó ń fi ọwọ́ dá àwo padà sẹ́yìn ní iye yẹn gan-an, títí ìlù kò fi kọsẹ̀ mọ́. Àwọn tí a ní wọn ò mọ nóòtì ló ń ka ìyípo àwo nínú òkùnkùn o.

Lọ́dún 1987, ẹ̀rọ E-mu SP-1200, tí ń gba ohùn inú àwo mọ́ra kí wọ́n lè gé e lò, dé. Gbogbo ohùn tó lè gbà mọ́ra kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, ẹyọ kan kò sì gbọdọ̀ kọjá 2.5. Kí làwọn olè ṣe? Àwo tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n yí i nígbà 45 kó lè sáré wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n fi ẹ̀rọ fà á wálẹ̀ ní nǹkan bíi semitone (ìgbésẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù) márùn-ún kó padà síbi tó wà. Báyìí ni àyè ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ṣe gba ìṣẹ́jú àáyá 13.5. Ohùn náà á wá ha díẹ̀, bíi ti ẹni tí òtútù mú lọ́fun, torí pé bit 12 péré, ìwọ̀n tó kéré fún ohùn tó mọ́, ni ẹ̀rọ ń lò, ìfàwálẹ̀ yẹn sì tún fi kún un. Híha yẹn gan-an làwọn ènìyàn ń ra sọ́fítíwià láti fi ba ohùn tó mọ́ jẹ́ lónìí. Gígé tún ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá gé sample, ìyẹn ègé ohùn tí wọ́n gbà láti inú àwo, níbi tí ìgbì ohùn ti wà lókè, dípò ibi tó ti kan òdo, á máa gbọ́ “tíkì” ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo yípo. Ẹni tí kò bá sì yí bass (ohùn ìsàlẹ̀) rẹ̀ kó bá kọ́ọ̀dù inú sample mu, semitone kan péré ti tó láti sọ orin di ìjà tọkọtaya.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé ẹ̀sùn olè tó múná dóko kò sí lẹ́nu àwọn ayínmú. Gregory Coleman ló lu ìlù inú “Amen, Brother” ti ẹgbẹ́ The Winstons lọ́dún 1969. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje tó dá lù níbẹ̀ ti wọnú ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin káàkiri ayé, Coleman sì kú lọ́dún 2006 láìrí èrè kankan gbà lórí rẹ̀. Gbèsè gidi nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá máa bá wọn sin gbèsè náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ìlù tó dá wà, láìsí orin aládùn kankan lórí rẹ̀, jẹ́ orin tó tó jí. Ibẹ̀ ni imú ti máa ń rọra padà sípò.

Àwọn ọ̀gá wa ní tiwọn máa ń fi “ẹnikẹ́ni lè ṣe é” parí ọ̀rọ̀. Ẹ máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò láé, pàápàá lójú ọmọdé. Ìṣirò rẹ̀ kò kúkú le. Bí ìlù bá ń lọ ní 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, bar kan, tí í ṣe ìlù mẹ́rin, gba ìṣẹ́jú àáyá 2.67, bar 16, tí í ṣe ẹsẹ kan, gba nǹkan bíi 43. Àyè 16 ló wà nínú bar kọ̀ọ̀kan tí sílébù lè bọ́ sí, àyè kan kò sì ju ìdá mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ìlù kejì àti ìkẹrin ni snare ń ta. (Ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́ sí ìkìn-ín-ní àti ìkẹta, ẹ fà á mọ́ra, ayínmú rere ló máa dà.)

Ó yá, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí ẹ bá kó sílébù kún gbogbo àyè 16, kò síbi tí ẹ ó ti mí. Ní bar kẹfà, ohùn á ti máa rọ. Kó tó di ìkẹwàá, ẹ ó ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì, ìyókù á sì máa lé ìlù kiri bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n a máa sàmì sí ibi tí yóò ti mí bó ṣe ń kọ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì ní kí ìró tó bára mu máa bọ́ sí ìlù kẹrin nìkan ní gbogbo ìlà, ó di orin tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fi ń ka nọ́ńbà. Rakim, oníráàpù tó ti fun saxophone rí, ló gbajúmọ̀ fún kíkó ìró wọ àárín ìlà nígbà tí òun àti díjéè rẹ̀, Eric B., gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1987: gbólóhùn á gba orí snare kọjá, á lọ parí nínú bar tó tẹ̀ lé e, ìró méjì mẹ́ta á ti ki ara wọn lọ́nà. Sílébù tó bá bọ́ sójú snare gẹ́lẹ́ ní gbogbo ìgbà ń yan bíi sójà. Ẹ fà á sẹ́yìn bín-ín-tín, á dà bí ẹni tó fara ti ògiri. Ẹ fà á díẹ̀ sí i, ó ti pẹ́ dé. Ìpẹ́dé yìí náà ni J Dilla, tó ń to ìlù fún ráàpù, fi ìlù ṣe: ó pa bọ́tìnnì tí ń to ìlù sójú ìlà lórí MPC, ẹ̀rọ ìlù rẹ̀, ó ń fi ìka lù ú bó ṣe wù ú. Ẹ̀rọ náà wà ní mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian báyìí, nítorí náà ẹ má ṣe gba ibẹ̀ kọjá.

Fún ààbò, orí fóònù ni kí ẹ ti máa gbọ́ ráàpù. Bass tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìlù Roland TR-808 ṣe máa ń wà ní nǹkan bíi 50 Hz (ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), spíkà inú fóònù kò sì lè gbé e. Ìdajì iṣẹ́ á ti sọnù kó tó dé etí yín, ẹ ó sì lè fi ọkàn mímọ́ sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Àìgbọ́fá là ń wòkè. Àìgbọ́ bass là ń wo inú ife.

Ẹ má rò pé àwọn alátakò nìkan ló ń dá òwò yìí ṣe. Àwọn Grammy, tí ń fún olórin Amẹ́ríkà ní ẹ̀yẹ, fún ráàpù ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lọ́dún 1989, wọn ò sì fi ìfúnni náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Yínmú onísúùtù nìyẹn. Àwọn kan tún wà tó ní ti 1990 sí 1999 nìkan ni ráàpù, èyí tó kù pàǹtí ni. Ọjọ́ orí wọn ni wọ́n ń kà fún wa.

Àmọ́ èyí tó gbówó lórí jù ni yínmú ẹlẹ́rìn-ín, ti àwọn tó ń gbèjà. Láti ìgbà tí Kendrick Lamar oníráàpù ti gba Pulitzer, àmì ẹ̀yẹ ńlá ní Amẹ́ríkà, fún orin lọ́dún 2018, ẹni àkọ́kọ́ láti 1943 tí wọ́n ti ń fún olórin ní ẹ̀yẹ náà tó gbà á láìjẹ́ olórin jazz tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin, ni gbogbo wọn ti ń sọ pé, “Ewì ni, ewì gidi ni!” Wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bébà, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ àfiwé, wọ́n á yọ snare, wọ́n á yọ bass, wọ́n á yọ mímí, wọ́n á wá yin èyí tó kù. Lọ́dún 2014, Matt Daniels ka oríṣi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ 35,000 àkọ́kọ́ ti àwọn oníráàpù: Aesop Rock ní ju 7,000 lọ, Shakespeare sì ní ju 5,000 lọ. Inú wọn dùn bí ẹni tó jáwé olúborí. Bó bá jẹ́ iye ọ̀rọ̀ ni orin, ìwé atúmọ̀ èdè ni ìbá gba Pulitzer. Ẹni tó ní kì í ṣe orin kò gbọ́ ọ. Ẹni tó ní ewì ni kà á. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó kíyè sí àyè tí sílébù bọ́ sí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàtà. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ wà lẹ́nu ọ̀rọ̀, ọwọ́ ti gbé awò sókè, ẹnìkan á ṣí orin níyàrá kejì lórí spíkà ńlá, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ilẹ̀ ní ìlù kejì àti ìkẹrin láìgbàṣẹ. Ẹ má bẹ̀rù, àtẹ́lẹsẹ̀ rírọ̀ ò ní dún. Bó bá di pé orí náà ń mì, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn, kí ẹ ní ó ti ń dùn yín láti àárọ̀.