Ẹjọ́ ààlà ní Laxton

Ẹni tó bá ti ṣẹjọ́ ààlà ilẹ̀ rí nílé, ẹ bá mi ka èyí.

Abúlé kékeré kan wà ní Nottinghamshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Laxton lorúkọ rẹ̀. Oko ńlá mẹ́ta ni wọ́n ní: Mill Field, South Field àti West Field. Ẹ ò ní rí ọgbà tàbí wáyà láàárín oko ẹnì kan àti ti ẹnìkejì. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n pín ilẹ̀ náà, ti lágbájá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti làkásègbè. Bí wọ́n bá gbin àlìkámà sí oko kan lọ́dún yìí, nǹkan mìíràn ni wọ́n á gbìn sí èkejì, ẹ̀kẹta á sinmi. Báyìí ni ọ̀pọ̀ abúlé Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dáko láyé ọjọ́un. Laxton wà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọn ló wù mí jù. Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n yàn nínú ara wọn á jáde lọ wo oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àlìkámà sí. Wọ́n á gbá èèkàn mọ́ ojú ààlà. Ẹni tí katakata rẹ̀ bá ti tú koríko etí oko, tàbí tó jẹ wọ ojú ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ ti wọ̀wé nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ilé-ẹjọ́ abúlé wọn tí wọ́n ń pè ní Court Leet á jókòó nínú ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Dovecote Inn, wọ́n á sì bu owó ìtanràn lé e. Owó kékeré ni o.

Àwọn kan ní eré ìbílẹ̀ lásán ni. Èmi ò gbà. Nígbà tí òfin ọdún 1977 gba agbára ìdájọ́ kúrò lọ́wọ́ irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó dá ti Laxton sí. Kì í sì í ṣe owó yẹn ló ń dun ẹni tó ṣẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ló wá wo poro rẹ̀ tó ní ó ti wọ́, àwọn tó wá wò ó náà sì ń dáko níbẹ̀, ó lè kàn wọ́n lámọ̀ọ́dún. Tiwa ńkọ́? Adájọ́ tí ò mọ ìdí pèrègún tí à ń jà lé lórí ni yóò máa sún ẹjọ́ síwájú, bàbá á kú, ọmọ á gbà á, lọ́yà á ti parí ilé.

Ibi tí mo ti bá àwọn tó ń yin Laxton jiyàn ni pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn àgbẹ̀ yẹn ló ni gbogbo ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń san! Lọ́dún 1952, ìdílé Earl Manvers, ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ náà, tà á fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀. Lọ́dún 1981, ó bọ́ sọ́wọ́ Crown Estate, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ilẹ̀ Adé Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 2020, àwọn yẹn náà tà á fún Thoresby Estate, ìyẹn ìdílé tó kọ́kọ́ tà á. Ilé-ẹjọ́ tó lè bá èèyàn wí nítorí ẹsẹ̀ bàtà kan, kò lẹ́nu nínú ẹni tí yóò ra odindi oko mẹ́ta.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣòfin, àwọn tó ń gbá èèkàn yẹn ni wọn ì bá kọ́kọ́ bi bóyá wọ́n fẹ́ rà á.