Ohun tó ń dẹ́rù bani yàtọ̀ sí ìkà

Oṣù kẹwàá ti dé, àríyànjiyàn ọdọọdún sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa òbí: ṣé kí ọmọ wo kátúùnù Halloween, ìyẹn ọdún iwin tí àwọn òyìnbó máa ń ṣe ní alẹ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí, àbí kó má wò ó? Èrò ọkàn tèmi rèé: ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Fún ọmọ tó bá ti tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ, The Nightmare Before Christmas ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìlú kan wà nínú fíìmù náà tó ń jẹ́ Halloween Town. Àjẹ́ ń gbé ibẹ̀, àwọn amùjẹ̀ ń gbé ibẹ̀, ẹni tó ń di ìkookò ń gbé ibẹ̀. Dídẹ́rù ba àwọn èèyàn lálẹ́ Halloween ni iṣẹ́ gbogbo wọn. Jack Skellington, egungun gíga gbọọrọ tó wọ kóòtù dúdú, ni ọ̀gá wọn nídìí iṣẹ́ yìí. Ajá rẹ̀, Zero, ti di iwin, imú rẹ̀ sì ń tàn. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, ohun kan náà ni Jack ń ṣe, ó wá sú u. Ó rìn wọ inú igbó, ó bá ilẹ̀kùn lára àwọn igi, ó ṣí ọ̀kan, ó sì bára rẹ̀ nílùú Kérésìmesì. Ọkàn rẹ̀ fà sí ohun tó rí níbẹ̀ débi pé ó pinnu pé lọ́dún náà, òun fúnra òun ni yóò ṣe Kérésìmesì fún gbogbo ayé.

Ibi tí ìtàn náà ti wọ̀ mí lára nìyí. Kò sí ìkà nínú Jack. Ó fẹ́ kí inú àwọn ọmọdé dùn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan ni iṣẹ́ tó mọ̀, torí náà ejò ńlá àti orí gbígbẹ ló dì sínú ẹ̀bùn. Àwọn ọmọ figbe ta, àwọn ológun sì yìnbọn lù ú lójú ọ̀run. Ẹ wá fi í wé Oogie Boogie, àpò tí kòkòrò kún inú rẹ̀ bámúbámú, tó ń fi ẹ̀mí ẹlòmíì ta tẹ́tẹ́, tí ìrora wọn sì ń dùn mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ló burẹ́wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló burú. Ọmọdé máa ń rí ìyàtọ̀ yìí kíákíá bí àgbàlagbà bá fún un láyè láti wo ìtàn náà dé òpin.

Sally náà wà níbẹ̀, ọmọlangidi tí wọ́n rán pọ̀, tó lè yọ apá ara rẹ̀ kó sì tún un rán padà. Òun ló rí wàhálà náà ṣáájú, ó kìlọ̀ fún Jack, Jack kò gbọ́. Lójú tèmi, òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ló kọ́kọ́ bẹ̀rù fíìmù yìí. Tim Burton, òyìnbó tó ń ṣe fíìmù, ti kọ ìtàn náà bí ewì ní 1982, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Disney. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù náà máa jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1993, Disney rò pé ẹ̀rù inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọdé, wọ́n sì gbé e jáde lábẹ́ orúkọ Touchstone, ẹ̀ka Disney tó ń ṣe fíìmù àgbàlagbà. Nígbà tó di 2001, Disney kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán Jack ṣe Haunted Mansion, ilé iwin tó wà ní Disneyland, ọgbà ìgbafẹ́ wọn ní California, lọ́ṣọ̀ọ́. Ní 2023, Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, fi fíìmù náà kún àwọn tí Amẹ́ríkà fẹ́ tọ́jú fún ìran tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni idán gan-an wà. Ọmọlangidi ni Jack. Èèyàn ló ń fọwọ́ sún un díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún sún un díẹ̀, wọ́n á tún yà á. Fọ́tò 24 ló ń di ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni ìṣẹ́jú kan péré nínú fíìmù náà ń gbà. Nǹkan bí 400 orí ni wọ́n ṣe fún Jack nìkan, kí ẹnu àti ojú rẹ̀ lè máa yí padà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Henry Selick ló darí iṣẹ́ náà ní San Francisco, ó sì gbà wọ́n ní bí ọdún mẹ́ta kí ìṣẹ́jú 76 tó pé. (Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Burton ló darí rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí fún Selick.) Ẹ ṣàlàyé èyí fún ọmọ. Ẹ gbé ọmọlangidi rẹ̀ sórí tábìlì, ẹ fún un ní fóònù, kó máa sún un, kó máa yà á. Nígbà tó bá rí i tí ọmọlangidi tirẹ̀ ń rìn, ohun tó wà lẹ́yìn Jack á yé e.

Àwọn kan ní irú ìtàn báyìí kì í ṣe tiwa. Ta ló wá sọ ìtàn egbére tó ń sunkún pẹ̀lú ẹní rẹ̀ fún yín? Láti 1938 ni D. O. Fágúnwà ti mú wa wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Ọmọdé a máa sá fún eégún, á sì tún máa tẹ̀lé e. Àmọ́ àgbà máa ń wà nítòsí. Ìyá àgbà tó ń pa àlọ́ ni ọmọ ń sún mọ́ bí iwin bá yọ nínú ìtàn. Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi lónìí ni pé ọmọ ń pàdé iwin lóun nìkan, fóònù lọ́wọ́, ilẹ̀kùn yàrá ní títì.

Ní ti ìgbàgbọ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ẹ kò bá fẹ́ Halloween nínú ilé yín, ẹ fi sùúrù sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má sọ fún un pé òkú inú fíìmù máa wá gbé e lóru. Ẹ̀rù tí òbí bá fi sọ́kàn ọmọ báyẹn, kò sí ẹni tó máa bá a tú u.

Ibì kan wà tí kò yẹ ọmọ kékeré o: ìgbà tí àpò Oogie Boogie tú, tí kòkòrò ń dà jáde. Fún àwọn tí kò tíì tó ọdún márùn-ún, ẹ wá Room on the Broom, tí BBC gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì 2012, láti inú ìwé Julia Donaldson àti Axel Scheffler. Kò tó ìdajì wákàtí. Àjẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó láàánú, tó ń gbé ẹranko tó bá bẹ̀ ẹ́ sórí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí dírágónì fẹ́ pa á jẹ, ológbò, ajá, ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ pawọ́ pọ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n di ẹ̀dá abàmì kan tó bani lẹ́rù gan-an, dírágónì sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.