Ẹni Tó Ń Sanwó Omi Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́ Ohun Tí Mítà Ń Sọ

Mo fara mọ́ mítà omi tó ń fúnra rẹ̀ fi iye omi tí ilé lò ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àjọ omi. Mo fẹ́ kí ìyẹn yé gbogbo ènìyàn kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, torí pé láàárín àwa Yorùbá tí a wà ní Brooklyn níbí, bí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ pààrọ̀ nǹkan lára ilé, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà." Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ká mi lára ni ẹni tí mítà náà ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọ́fíìsì bá ń rí iye omi tí ilé kan ń lò lójoojúmọ́, tí onílé fúnra rẹ̀ wá ń dúró de bíìlì kó tó mọ̀, iṣẹ́ yẹn kò tíì parí, iye owó yòówù kí wọ́n ná sí i.

Àwọn tó ti pẹ́ ní New York mọ̀ pé láyé àtijọ́, ìlú yìí kì í fi mítà gba owó omi lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé gbígbé. Wọ́n á wọn bí iwájú ilé ṣe fẹ̀ tó, wọ́n á ka iye àjà rẹ̀, wọ́n á ka balùwẹ̀ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì bu owó lé e. Ẹni tó ṣí omi sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ àti ẹni tó ti ilé pa tó lọ lo oṣù méjì ní Ọ̀yọ́, iye kan náà ni wọn yóò san bí ilé wọn bá rí bákan náà. Ọdún 1988 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ ètò fífi mítà sí gbogbo ilé. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ló máa ń wá kà á ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Mítà ọ̀hún sì rèé, inú yàrá abẹ́ ilé ló sábà máa ń wà. Níbi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti ráyè kà á, ọ́fíìsì á fojú dá iye tí wọ́n lò.

Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó nílò àlàyé lórí bíìlì àfojúdá. Iná mànàmáná ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa. Ohun tó ń dunni jù nínú irú bíìlì bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí ohun téèyàn fẹ́ fi jiyàn. Àwọn ní o lò ó, ìwọ ní o ò lò ó, kò sì sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ẹni tó ń gba owó ló máa ń borí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yin New York fún iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, nígbà tí Michael Bloomberg jẹ́ olórí ìlú. Mílíọ̀nù 252 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ilé tó lé ní 800,000 ni wọ́n sì fẹ́ kó dé. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro lóye. Wáyà kan jáde láti ara mítà nísàlẹ̀ ilé, ó wọ inú àpótí kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Rédíò ló wà nínú àpótí yẹn, ó sì ní bátìrì tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ ni rédíò náà ń fi ìwọ̀n omi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sórí òrùlé àwọn ilé gíga, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá gbé e dé ọ̀dọ̀ DEP, àjọ tó ń bójú tó omi. Òṣìṣẹ́ kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwọ̀n tó jẹ́ mẹ́rin lọ́dún tẹ́lẹ̀ di ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ibi tí àǹfààní rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Bíìlì oṣù mẹ́ta kò lè sọ fún yín pé nǹkan kan ń jò. Ó kàn lè sọ pé ó ti jò. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá ń wọlé lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà lè rí i pé ilé tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ti sùn ṣì ń fa omi láago méjì òru, lónìí, lọ́la, lọ́túnla. Èèyàn kì í fọ aṣọ láago méjì òru lójoojúmọ́. Páìpù ló ń jò, tàbí kí ó jẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń jẹ́ jù. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ táǹkì rẹ̀ tó ń dí omi mọ́lẹ̀. Bí rọ́bà yẹn bá gbó, omi á máa yọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìdákẹ́, kò ní kán sílẹ̀, kò ní tutù mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tiẹ̀ ní dún. Ó lè gbé tó 200 gálọ́ọ̀nù lọ lójúmọ́. Ní New York, omi nìkan kọ́ lẹ ń sanwó fún. Owó omi ìdọ̀tí tó ń jáde nílé wà lórí rẹ̀, ìdá 159 nínú ọgọ́rùn-ún owó omi fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà fún ìyẹn. Ẹ̀yin tó lo omi dọ́là kan, dọ́là méjì àti sẹ́ńtì 59 ni ẹ óò san. Omi tí ẹnikẹ́ni ò mu, tí ẹnikẹ́ni ò fi wẹ̀, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ iye rẹ̀ lẹ ń san. Gbèsè omi kì í sì í ṣe gbèsè ṣeréṣeré ní ìlú yìí; ó lè lẹ̀ mọ́ ilé, kí ìlú sì ta gbèsè náà fún ẹlòmíràn tí yóò máa lépa onílé.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tó ní ilé alájà méjì ní Canarsie, ní Brooklyn níbí, ó ń gbé ìsàlẹ̀, ayálégbé wà lókè. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì òkè ló ń jò, ayálégbé ò sì rí ohun tó kàn án níbẹ̀ torí òun kọ́ ló ń san owó omi. Ọmọ ìyá yìí, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ti fi ímeèlì tirẹ̀ sórí àkáǹtì náà, òun ni ìkìlọ̀ DEP pé omi tí ilé ń lò ti pọ̀ jù wọlé sí lọ́wọ́. Ó pe ìyá rẹ̀, wọ́n pe púlọ́ńbà, rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọ́n pààrọ̀. Bó bá jẹ́ bíìlì ni wọ́n dúró dè, ọ̀rọ̀ ìbá ti di ẹkún.

Láti 2011 ni DEP ti ń ṣe irú ìkìlọ̀ yìí. Bí omi tí ilé kan ń lò bá ṣàdédé ga fíofío, tí kò sì wálẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ímeèlì á lọ sọ́dọ̀ onílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ímeèlì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Onílé tó forúkọ sílẹ̀ ni. Àwọn wo ló ń forúkọ sílẹ̀? Àwọn tó mọ̀ pé ètò náà wà, tí wọ́n ń ṣí ímeèlì lójoojúmọ́, tí wọ́n sì gbọ́ èdè ìjọba. Mo mọ ilé Yorùbá níbí tí àkáǹtì omi rẹ̀ ṣì wà lórúkọ bàbá tó ti kú tipẹ́, tí ìwé ń wọlé, tí wọ́n ń kó o jọ sínú dúrọ́ọ̀ torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣí ìwé olóògbé. Àwọn ìyá tó ṣe alẹ́ mọ́júmọ́ nílé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ra ilé yẹn, àwọn ni ìkìlọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Òfin kan tí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ní 2017 ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba túmọ̀ ìwé pàtàkì sí èdè mẹ́wàá. Faransé wà nínú wọn, ìyẹn sì dára fún àwọn ará wa láti Benin àti Tógò. Yorùbá kò sí níbẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé rédíò yìí ń tú àṣírí ilé, pé ẹni tó bá rí i lè mọ ìgbà tí kò sí èèyàn nílé. Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin tó lágbára lórí ẹni tó lè wò ó ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe pé ká padà sí àfojúdá.

Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni ìtọ́jú. Bátìrì kì í ṣe òkúta. Àwọn rédíò tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láàárín 2009 sí 2012 ti ń gbó, bátìrì wọn ń kú, ilé tí tirẹ̀ bá sì ti kú, bíìlì àfojúdá ló ń padà síbẹ̀. Ìlú ti ń lọ káàkiri láti pààrọ̀ wọn. Ẹ tún rántí oṣù kẹrin ọdún 2019, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà ti ìlú, èyí tí wọ́n gbé ètò mítà yìí lé nígbà náà, dákú fún ọjọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan torí pé òǹkà tí GPS, ètò sátẹ́láìtì tí ẹ̀rọ fi ń mọ àkókò, fi ń ka ọ̀sẹ̀ yí padà sí òdo, tí ẹnikẹ́ni kò sì múra sílẹ̀ fún un. Ìlú tó bá fẹ́ ra irú mítà yìí gbọ́dọ̀ ya owó bátìrì sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń ra mítà. Ìlú tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òtítọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló rà.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Delaware Aqueduct, tó gùn ní máìlì 85, tó ń gbé nǹkan bí ìdajì omi New York wá láti orí òkè, ti ń jò láti ìgbà tí mo ṣì wà nílé ìwé ní Ìbàdàn. Ó ń jò tó mílíọ̀nù 35 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, omi rẹ̀ sì wọ ilé àwọn èèyàn ní abúlé Wawarsing. Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà mìíràn gba abẹ́ odò Hudson láti fi yẹ ibi tó ń jò sílẹ̀, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 wọ́n ti ihò náà pa láti ṣe àsopọ̀, ọ̀dá omi dé, wọ́n sì dá iṣẹ́ dúró ní oṣù tó tẹ̀ lé e. N kò sọ èyí láti fi bú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì fẹ́ kó yọrí sí rere. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìjọba tó ń kìlọ̀ fún ìyá arúgbó nítorí rọ́bà tọ́ílẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa sọ iye tí tirẹ̀ ń jò fún wa pẹ̀lú, lórí bíìlì kan náà.

Ibì kan wà tí mi ò ní bá wọn dé láéláé: mítà tó ń ti omi pa. Ní Phiri, ní Soweto, ní orílẹ̀-èdè South Africa, ìjọba ìlú Johannesburg fi mítà sanwó-kó-o-tó-lò sí ilé àwọn aláìní. Bí 6,000 lítà ọ̀fẹ́ oṣù náà bá ti tán, omi á dá títí ẹ ó fi ra òmíràn. Àwọn ará àdúgbò pe ẹjọ́, wọ́n jàre ní 2008, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2009 ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin orílẹ̀-èdè náà dá ìjọba láre. Mo bọ̀wọ̀ fún ilé ẹjọ́, àmọ́ mi ò gbà. Ní England, láti 1999 ni òfin ti ní kí iléeṣẹ́ omi má ṣe gé omi ilé ẹnikẹ́ni nítorí gbèsè. Ìyẹn ló tọ́. Ẹni tó jẹ gbèsè iná lè tan àtùpà. Kí ni ẹni tí wọ́n ti omi pa mọ́ fẹ́ fi fọ ìdí ọmọ?

Fún àwọn tó ń ka èyí láti ilé, tí wọ́n ń ní "omi wo lẹ fẹ́ kà?": ẹ jàre. Iléeṣẹ́ omi Ìjú ti wà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ omi kànga ẹlẹ́rọ àti omi mẹruwà ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ń lò. Bí ìjọba bá wá pẹ̀lú mítà olówó ńlá lọ́jọ́ kan, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi sára páìpù ńlá tó ń wọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi mọ iye omi tó kúrò ní Ìjú àti iye tó dé Agége. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn yín.

Ẹ̀yin tí òbí yín nílé ní New York, ẹ wọ àkáǹtì omi wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti olóògbé, ẹ pe 311 kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Ẹ fi ímeèlì tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́ sí i, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún ìkìlọ̀ jíjò. Ìgbìmọ̀ tó ń pinnu owó omi máa ń pe ará ìlú jọ kí wọ́n tó gbé owó tuntun jáde ní oṣù keje. Mo fẹ́ kí a pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n ni ìdí tí bíìlì fi ń dé ilé gbogbo ènìyàn láìforúkọ sílẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ìkìlọ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ wá a.